Hatsue àti Gbèsè Ìrìn Méje

"Ìyá, gbogbo lílọ tí ẹ̀ ń lọ, gbogbo bíbọ̀ tí ẹ̀ ń bọ̀ yìí, ibo lẹ dé?"

Obìnrin kan láti ìlú ńlá ló bi Hatsue ní ìbéèrè yìí ní ìgbà ewé pupa, nígbà tí ewé igi máa ń pọ́n kí òtútù tó dé. Kò fi ṣe ẹlẹ́yà. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀, ó ti jókòó sórí ẹní bí gbogbo àlejò ṣe ń jókòó, ó ti wo àpáta ọ̀tún, ó ti wo ti òsì, ó ti ju oúnjẹ sí ẹja. Ìgbà tí ọkọ̀ padà dé èbúté, tó rí i pé ibi tí òun ti bọ́ bàtà náà lòun tún ti ń wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ náà ló yà á lẹ́nu tó fi béèrè.

Hatsue fi ara ti ọ̀pá rẹ̀, ó rò ó wò. Ó ní, "Mi ò tíì dé ibì kankan, ìyá. Ó ṣì ku ìrìn méje."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Èmi tí mò ń ká ẹní lẹ́yìn wọn mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà.

Odò Saruta tiwa níbí, àárín àpáta méjì ló ń gbà kọjá. A kì í fi ẹ́ńjìnnì sí ọkọ̀ wa. Ọkọ̀ pẹrẹsẹ ni, ọ̀pá kan ṣoṣo sì ni atukọ̀ fi ń tẹ ìsàlẹ̀ odò tí ọkọ̀ fi ń gòkè. Kálukú ló ń gé ọ̀pá tirẹ̀, tó ń bó èèpo rẹ̀, tó sì ń gbẹ́ ẹ bá gíga ara rẹ̀ mu. Ẹnìkan kì í fọwọ́ kan ọ̀pá ẹlòmíì. Lílọ ni iṣẹ́; bíbọ̀, omi ló ń gbé ọkọ̀ bọ̀, atukọ̀ kàn ń tọ́ ọ sọ́nà ni. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí a sọ pé ìrìn kan, lílọ là ń wí.

Níbi tí ọ̀nà odò náà ti há mọ́ra pátápátá, òkúta ńlá kan dúró síbẹ̀ tí à ń pè ní Àpáta Ìpadà. Ọkọ̀ á fi imú kàn án, á sì yí padà. Ibẹ̀ ni atukọ̀ ti máa ń kọrin. Àpáta á gba ohùn náà, á gbé e sókè, á tún dá a padà fún ẹni tó ni ín, bíi pé ẹlòmíì kan wà lókè tó ń kọ ọ́ tẹ̀ lé e. Àlejò tó ń pariwo tẹ́lẹ̀ á dákẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, orin yẹn ni wọ́n wá gbọ́. Ewé pupa kàn jẹ́ àwáwí.

Wọn ò bí Hatsue sí etí odò. Orí òkè, lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbin tábà àti kókò, ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó fẹ́ Yoshio, tí í ṣe atukọ̀, kò mọ̀ ju kó máa gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún ọkọ rẹ̀ ní èbúté lọ. Ìgbà tó yá ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú ńlá lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọn kì í padà bí kò ṣe láti wá sin òkú. Ọkọ̀ wá pọ̀ ju ọwọ́ lọ. Yoshio kọ́ ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀pá. Ẹgbẹ́ àwọn atukọ̀ gbà á nítorí pé wọn ò rí ọkùnrin, wọ́n sì sọ ọ́ sí i létí bẹ́ẹ̀. Ó kéré lára, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gbóná nígbà òtútù. Ohun tó fi ju wọ́n lọ ni ohùn. Ìgbà tó kọ́kọ́ kọrin ní Àpáta Ìpadà, ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn tirẹ̀ dúró sójú kan, atukọ̀ inú rẹ̀ ò rántí pé òun ní ọ̀pá lọ́wọ́.

Ọdún kẹrin rèé tí kò tíì kọrin.

Ọdún tí Yoshio dùbúlẹ̀ àìsàn, ìgbà ewé pupa ni. Ilé ìwòsàn tí Hatsue gbé e lọ jìnnà. Bẹ́ẹ̀, òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni tí ìrìn bá kàn ní ìgbà ewé pupa, tí kò wá, tí kò sì ní ẹni tó dúró fún un, ó ti pàdánù ipò rẹ̀ nìyẹn. Sadaji, atukọ̀ ẹgbẹ́ wọn kan, ló dúró fún Hatsue. Ó ti ọkọ̀ tirẹ̀ lọ, ó sọ̀kalẹ̀, ó mu omi, ó tún ti ti Hatsue lọ. Ẹ̀ẹ̀meje ló ṣe bẹ́ẹ̀ kí Yoshio tó kú. Ọkùnrin gígùn, eléegun lásán ni Sadaji yìí, ìyàwó tirẹ̀ náà ti kú tipẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń la ẹja lọ.

Àwa náà ní àáró níbí bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ní in. Ìrìn la fi ń san ìrìn. A kì í fi owó san án, a kì í fi ọtí bẹ̀ ẹ́. Ìrìn ewé pupa, ìrìn ewé pupa ló ń san án, nítorí pé ìgbà yẹn ni ọkọ̀ máa ń kún débi tí orúnkún àlejò ń kan ẹ̀yìn àlejò. Ìrìn ìgbà yìnyín tó gbé èèyàn mẹ́ta ò lè dí i. Ẹni tí a ń san án fún gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé imú ọkọ̀ kan àpáta, àfi bí àwọn méjèèjì bá pààrọ̀ ọkọ̀ lójú omi. Títí a ó fi san án tán, ẹni tó jẹ gbèsè kì í kọrin ní Àpáta Ìpadà. Àwọn àgbà ní kò yẹ kí àpáta máa tún ohùn onígbèsè sọ sí etí ẹni tó yá a.

Nǹkan kan ló ṣòro níbẹ̀: Sadaji ò gbà pé gbèsè wà.

Lọ́dọọdún, bí ewé bá ti ń pọ́n, Hatsue á lọ bá a níbi tó ti ń so bàtà rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó lónìí. Ẹ jẹ́ n bá yín ti ọkọ̀ yín lọ."

"Lọ síbo? Ṣé ẹsẹ̀ mi ti gé ni?"

"Ìrìn méje yẹn ni."

"Èwo ni ìrìn méje? Yoshio ni mo yá. Yoshio sì ti kú. Lọ bá a níbẹ̀ kí ó gba owó ọ̀nà lọ́wọ́ ẹ."

"Èmi ni ìrìn kàn nígbà yẹn, Ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe Yoshio."

"O rí i, ìyàwó Yoshio, bí ìrìn bá wù ọ́ tó báyìí, rìn lọ sílé."

Àwọn tó wà níbẹ̀ á rẹ́rìn-ín. Hatsue á padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tó ń dá ara rẹ̀ lágara, ṣebí ọkùnrin yìí ti fi jì í.

Ó ní, "Kò fi jì mí. Ó ní kì í ṣe gbèsè. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Ohun tí èèyàn bá gbà pé wọ́n jẹ òun, ó lè fi jini. Èyí tó ní kò sí, kí ló fẹ́ fi jì mí?"

Mo padà lọ ká ẹní mi.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Kitamura, olórí ẹgbẹ́, pè é sí yàrá kékeré tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Kitamura kì í ṣe èèyàn burúkú. Bàbá rẹ̀ ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ kó tó di pé òun dé, ó sì mọ bí òfin odò ṣe rí. Ó da tíì sínú ife fún Hatsue, ó tì í sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Hatsue, àwọn tó bá wọ ọkọ̀ yín ń sọ̀rọ̀ o. Wọ́n ní àwọn gbọ́ orin láti inú ọkọ̀ ẹlòmíì, nínú tàwọn, ńṣe ló dákẹ́ bí ilé òkú."

"Òótọ́ ni wọ́n sọ."

"Mo fi ọdún mẹ́ta mójú kúrò. Mi ò lè fi yín sórí ọ̀pá nígbà tí òjò yìnyín bá lọ tán, bí ẹ ò bá kọrin. Kí á tó bo ọkọ̀ fún ìgbà òtútù, ẹ jẹ́ n gbọ́ yín lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ bá Bàbá Sadaji yanjú ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá wù yín."

"Ó yé mi," ni Hatsue wí. Ó mu tíì náà tán nítorí pé wọ́n ti dà á. Ó jáde.

Kò ní iṣẹ́ mìíràn. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá Sendai, ilé tó ń gbé níbẹ̀ ò gba ju òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ. Lálẹ́, Hatsue máa ń lẹ oògùn olóòórùn mọ́ èjìká rẹ̀ méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá ti gbóòórùn yẹn ní èbúté láàárọ̀, ẹ mọ̀ pé ó ti dé. Ó lè ti jókòó sílé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ti ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀, bó bá jókòó sílé, kí ló fẹ́ máa tì?

Mo wí fún un pé, "Kọ ọ́ jẹ́jẹ́. Kọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n. Ta ni yóò gbọ́?"

Ó ní, "Àpáta."

Bẹ́ẹ̀ la wà títí di ọjọ́ ìsinmi kan tí èrò dà wá bí omi. Ọjọ́ tí èrò bá pọ̀ báyẹn, mo máa ń wọ ọkọ̀ pẹ̀lú atukọ̀ láti gbọ́n omi, nítorí pé ọkọ̀ tó bá wúwo máa ń gba omi létí. Inú ọkọ̀ Hatsue ni mo wà. A ti kan Àpáta Ìpadà, a ti yí padà láìkọrin, àwọn àlejò wa sì ti ń wo ara wọn lójú. Ibi tí à ń pè ní Ọ̀fun, tí odò ti tẹ́ẹ́rẹ́, tí omi sì ń sáré, ibẹ̀ la ti rí ọkọ̀ Sadaji. Ó ti dúró ní ìbú sí omi. Sadaji fi ọwọ́ kan ti ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ọkọ̀ má baà lọ. Apá kejì ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí apá aṣọ tí èèyàn ò sí nínú ẹ̀. Àwọn àlejò rẹ̀ rò pé eré ni, wọ́n ń ya fọ́tò.

Hatsue ti ọkọ̀ wa sún mọ́ tirẹ̀, mo sì di etí ọkọ̀ méjèèjì mú pọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, apá yẹn ńkọ́?"

"Ó wà lára mi."

"Ẹ bọ́ sínú ọkọ̀ mi. Sísọ̀kalẹ̀ ni tiwa, ọwọ́ kan ti tó o. Ẹ jẹ́ n gbé tiyín gòkè."

"Kí n fi ọkọ̀ mi sílẹ̀ lójú omi? Èmi?"

"Àwọn wọ̀nyí sanwó kí wọ́n lè dé Àpáta Ìpadà. Wọn ò sanwó kí wọ́n lè wá wo apá yín."

Bàbá arúgbó kan nínú àwọn àlejò pariwo pé, "Òdodo ọ̀rọ̀! Bàbá, ẹ bọ́ sí i, ìdí ti ń ro wá lórí ẹní!"

Sadaji wo Hatsue. Òógùn ń sàn lójú rẹ̀ nínú òtútù yẹn. Ó ní, "Ọ̀pá tìrẹ ni kó o mú wá. O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan tèmi."

"Èwo lẹ rò pé mo fẹ́ mú?"

"Kì í sì í ṣe nítorí gbèsè kankan o."

"Mo gbọ́. Ẹ rọra gbẹ́sẹ̀."

Wọ́n kọjá ara wọn, olúkúlùkù pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Hatsue tẹ̀ mọ́ odò, ọkọ̀ Sadaji yí imú padà sí òkè, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Èmi ni mo bá Sadaji sọ̀kalẹ̀. A kọjá ibi tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ ń lúwẹ̀ẹ́, a kọjá abẹ́ igi tó pọ́n jù níbẹ̀. Ìgbà tí a ń wo òrùlé èbúté lókèèrè ló tó sọ̀rọ̀, kò sì wo ojú mi.

"Mẹ́fà ló kù," ló wí.

Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ní èjìká ti yẹ̀, iṣan rẹ̀ sì ti já. Ọ̀pá ti parí fún un lọ́dún yẹn. Bóyá títí láé, wọn ò sọ. Ṣùgbọ́n títí wọ́n á fi ká aṣọ pupa tó wà lẹ́nu èbúté, tí kíká rẹ̀ ń fi hàn pé ìgbà ewé pupa ti parí, ìrìn rẹ̀ ṣì ń kàn án. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé pẹ̀lú apá tí wọ́n fi aṣọ gbé kọ́ ọrùn. Ó jókòó sí iwájú ọkọ̀ rẹ̀, ó kọjú sí ìdí ọkọ̀ níbi tí atukọ̀ ń dúró sí.

Ó ní, "Kí lò ń wò? Ṣebí o ní o fẹ́ san gbèsè."

Ìyà wá bẹ̀rẹ̀. Hatsue á ti ọkọ̀ tirẹ̀ lọ, á bọ̀; á tún ti ti Sadaji. Kò sí ọjọ́ tí ìrìn Sadaji kàn tí èrò ò kún. Sadaji kò sì jẹ́ kó sinmi.

"Ò ń gún odò bí ẹni tó ń gún ìrẹsì ọdún tuntun. Odò ò ṣe ọ́ ní nǹkan kan."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹja wà níwájú yín. Ẹ bá a sọ̀rọ̀."

"Ẹja gan-an ti sùn. Ó ní ká jí òun bó o bá dé."

Ọmọbìnrin kan nínú àwọn àlejò rẹ́rìn-ín, ó bi Hatsue pé, "Ọkọ yín ni, Ìyá?"

"Rárá. Ẹni tí mo jẹ ní gbèsè ni."

"Àá, wọ́n le o."

"Ẹni tó yáni ní nǹkan tí kò le, ẹ ò tíì rí irú wọn," ni Hatsue wí, ó sì tún tẹ ọ̀pá.

Mo máa ń rí i lọ́sàn-án tó ń jẹun lórí ìdúró. Mo bu ọbẹ̀ kókò gbígbóná fún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì di abọ́ náà mú títí ó fi tutù, kò mu ún. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti là. Ó fi òwú so ó, òwú náà sì ti di pípọ́n. Lọ́jọ́ kan mo bá a tó sùn lọ níbi àtẹ̀gùn tí àwọn àlejò ti ń bọ́ bàtà, ìrẹsì tí wọ́n fọwọ́ mọ rìbìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn àlejò ń rọra kọjá lára rẹ̀. Mo jí i.

"Lọ dùbúlẹ̀ nínú ilé. Ìrìn rẹ kò tíì kàn."

"Bí mo bá dùbúlẹ̀, mi ò ní dìde mọ́. Jẹ́ n jókòó báyìí."

"Ta ni ò ń ṣe é fún gan-an, Hatsue? Ọkùnrin yẹn ò bi ọ́ ní nǹkan kan fún ọdún mẹ́rin."

Ó wo ìrẹsì ọwọ́ rẹ̀ bíi pé ó gbàgbé ohun tó jẹ́. Ó ní, "Ó rẹ̀ mí láti máa jẹ ẹ́. Ó rẹ̀ mí ju kí n máa ti ọkọ̀ lọ."

Ó jẹ ìyókù, ó dìde.

Ọjọ́ ń lọ, ewé ń já. Ìrìn mẹ́fà di mẹ́rin, mẹ́rin di méjì. Ẹ̀gàn Sadaji náà ń dínkù. Ní ìrìn kẹfà, kò sọ ju pé, "Òkúta kan wà lọ́wọ́ òsì ẹ," òkúta kan sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìrìn kan ṣoṣo ló wá kù, ọjọ́ tó sì máa kàn án ni ọjọ́ ìkẹyìn, ọjọ́ tí wọ́n máa ká aṣọ pupa nírọ̀lẹ́.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti ń rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Odò pọ́n bí omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ̀ àgbẹ̀, ó gbé igi, ó gbé ewé, ó bo òkúta tó ní àmì lára, tí a fi ń mọ̀ bóyá ọkọ̀ lè jáde. Bọ́ọ̀sì dé, kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ àfi awakọ̀. Kitamura ní kò sí ọkọ̀ lónìí. Àwọn atukọ̀ yòókù lọ sílé, wọ́n lọ tún òrùlé tí wọ́n máa ń fi bo ọkọ̀ nígbà òtútù ṣe.

Hatsue jókòó ní èbúté, ọ̀pá rẹ̀ wà ní itan rẹ̀. Sadaji jókòó sí ìkángun kejì àga náà. Mo gbé tíì fún wọn lẹ́ẹ̀kan, mo gbé e lẹ́ẹ̀kejì. Ọjọ́ ń lọ.

Ó di ọ̀sán gbọnrangandan kí òjò tó dá. Díẹ̀díẹ̀, orí òkúta yọ, lẹ́yìn náà ni àmì ara rẹ̀ yọ. Hatsue dìde, ó lọ kan ilẹ̀kùn Kitamura.

"Àmì ti yọ."

Kitamura wá wo odò. Ó wò ó tìfura-tìfura. "Ó ti yọ lóòótọ́. Òfin ní ọkọ̀ lè lọ tí ẹnìkan bá ń gbọ́n omi. Ṣùgbọ́n kò sí àlejò, Ìyá Hatsue. Ọkọ̀ tí kò gbé àlejò, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ìrìn. Bí mo bá gba èyí, kí ni mo fẹ́ wí fún ẹni tó bá tún dé lọ́la?"

Hatsue mọ̀. Kò jiyàn. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó wú, mo sì rí i pé ó ti ń wá ibi tó máa jókòó sí.

Sadaji dìde lórí àga. Ó lọ síwájú fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì, ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó dá ṣáká wá owó nínú àpò.

"Ọ̀kan. Ti àgbàlagbà."

Ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fọwọ́ bo ẹnu. "Bàbá, ẹ̀yin?"

"Àbí ọmọdé ni mo jọ lójú ẹ? Já a fún mi."

Ó gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ó lọ síbi àtẹ̀gùn, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò wọ́n pọ̀ pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ bí àwọn tó wá láti ìlú ńlá ṣe ń tò wọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i sétí odò yẹn, kò wọ ọkọ̀ rí láìwọ bàtà. Ó jókòó sí àárín ẹní.

"Ẹní yìí tutù," ló wí. "Ohun tí wọ́n ń fara dà nìyí?"

Kitamura wò ó. Ó wo tíkẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yíjú sí mi pé, "Ẹ gbọ́n omi dáadáa o," ó sì tú okùn ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Àwa mẹ́ta péré, ọkọ̀ fúyẹ́, ṣùgbọ́n odò wúwo. Ewé tó wà lórí igi lánàá ti wà lójú omi báyìí, wọ́n ń bọ̀ wá pàdé wa. Hatsue kì í gbé ọ̀pá sókè tán kó tó tún tẹ̀ ẹ́. Bó bá gbé e sókè tán, omi á gba ohun tó ti rìn lọ́wọ́ rẹ̀. Mò ń gbọ́n. Mò ń gbọ́ èémí rẹ̀ lẹ́yìn mi bí èémí ẹran tó gòkè. Sadaji ò bú u. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Ní Ọ̀fun, ọkọ̀ dúró. Ó dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn. Hatsue tì í, ó dúró. Omi tún gbà á, ó tún padà sẹ́yìn. Sadaji na ọwọ́ sí etí ọkọ̀, ó fẹ́ dìde.

"Ẹ jókòó!" ni Hatsue pariwo. Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́rin. "Àlejò kì í dìde nínú ọkọ̀!"

Sadaji jókòó. Ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo di ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mú, bí ọmọ tí wọ́n bá wí.

Hatsue jẹ́ kí ọkọ̀ padà díẹ̀ sí i. Ó gbé e sún mọ́ abẹ́ àpáta ọ̀tún, níbi tí omi ti ń yí lọ́ra, tí kò mọ ibi tó ń lọ. Ó fi ọ̀pá wá ìsàlẹ̀, kò rí i. Ó tún wá a. Ó rí i. Ó gbé gbogbo ara rẹ̀ lé e lórí, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ ọkọ̀, a sì ń lọ, ìwọ̀n ọwọ́ kan, ìwọ̀n ọwọ́ kan, títí Ọ̀fun fi wà lẹ́yìn wa.

Imú ọkọ̀ kan Àpáta Ìpadà. Ó kàn án pẹ́lẹ́. Sadaji na apá rẹ̀ láti orí ẹní, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé òkúta tútù náà. Ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Ibẹ̀ dákẹ́, àfi omi tó ń kán láti òkè.

Mo wo Hatsue, mo rò pé yóò kọrin. Ó fi iwájú orí ti ọ̀pá.

"Ó rẹ̀ mí," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Omi gbé wa sọ̀kalẹ̀. Kitamura ń dúró ní èbúté pẹ̀lú àtùpà nítorí pé ilẹ̀ ti ń ṣú láàárín àpáta. Àwọn atukọ̀ méjì kan ti padà wá, wọ́n dúró lẹ́yìn rẹ̀, òrùlé ọkọ̀ wà léjìká wọn. Ó gba okùn lọ́wọ́ mi.

"Orin ńkọ́?"

"Láàárọ̀ ọ̀la," ni Hatsue wí, "kí ẹ tó bo ọkọ̀. Lónìí, mi ò lè gbé ohùn."

Kitamura gbé àtùpà sókè díẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ó dáa. Láàárọ̀ ọ̀la."

Ó yíjú sí Sadaji. Gbogbo wọn ló yíjú sí Sadaji, nítorí pé ẹni tí wọ́n san ìrìn fún ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ní èbúté, lójú ẹgbẹ́. Sadaji ń fi ọwọ́ kan wọ bàtà. Ó wọ ọ̀kan, ó wọ èkejì, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Ó nà ró.

"Ẹ gbọ́ o," ló wí. "Hatsue ò jẹ mí ní ìrìn kankan mọ́."